Ọdẹ́jìnmí Nílùú Ejò Afọ́jú

Ẹ gbé ìbọn yín sílẹ̀ kí ẹ tó jókòó. Ẹ kọ ẹnu wọn sí igbó, ẹ má kọ ọ́ sí ènìyàn. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lọ́sàn-án yìí kò gbọdọ̀ bá ìbọn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwọ tí o ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, mo gbọ́ ọ. Rẹ́rìn-ín rẹ tán, kí o gbé tìrẹ náà sílẹ̀. Èmi tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ti di ẹfọ̀n mú níwo rí, a jọ fa ara wa láti ìdí ìrókò dé etí odò, nígbà tí ó sì rẹ̀ ẹ́, òun ni ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Ẹ̀rù kò bà mí lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ sọ ìtàn Ọdẹ́jìnmí, ọ̀fun mi a máa gbẹ. Ẹ bu omi fún mi.

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ fetí sílẹ̀.

Ọdẹ ni Ọdẹ́jìnmí ní Àgọ́-Ayín, ìlú kan tí ó wà níbi tí igbó ti parí tí ọ̀dàn ti bẹ̀rẹ̀. Ojú Àṣá ni wọ́n ń pè é. Á rí etí ehoro nínú koríko gbígbẹ kí ẹlòmíràn tó rí koríko náà. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń jiyàn bóyá ẹtu ni ó kọjá tàbí àgbọ̀nrín, òun ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè, ohun tí ó bá sì sọ ni abẹ gé. Díẹ̀díẹ̀ ó wá gbà pé ojú òun kò lè tan òun jẹ láéláé. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ pé ojú kan náà ni alákàn fi ń wo ìkòkò tí wọ́n fẹ́ fi sè é.

Ó ní àbúrò kan tí ń jẹ́ Ọnàdípẹ̀. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, àwọn méjèèjì nìkan ni wọ́n sì yè nínú ọmọ tí Abọ́sẹ̀dé ìyá wọn bí. Ọdẹ́jìnmí jogún igbó lọ́dọ̀ bàbá wọn tí ó ti kú. Ọnàdípẹ̀ kọ́ iṣẹ́ igi gbígbẹ́ ní ilé ìyá wọn, nítorí pé ọmọ agbẹ́gi ni Abọ́sẹ̀dé. Ọnàdípẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ó bá fẹ́ràn ènìyàn, kò ní sọ ọ́, á lọ wá igi, á gbẹ́ nǹkan fún un. Ní ọdún tí igi ìdí ìbọn Ọdẹ́jìnmí là, òun ni ó gbẹ́ tuntun fún un. Oṣù kan gbáko ni ó lò lórí rẹ̀. Ọdẹ́jìnmí wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní ó dára, ó sì gbé e kọ́ èjìká. Kò fọwọ́ pa á wò.

Òfin kan wà ní Àgọ́-Ayín. Bí ohun kan bá mira nínú igbó tí kò sì hàn tán, ọdẹ gbọ́dọ̀ súfèé lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó yìnbọn. Bí ó bá jẹ́ ènìyàn, yóò dáhùn. Bí ó bá jẹ́ ẹran, yóò sá lọ, ọbẹ̀ ọdẹ á sì ṣófo lọ́jọ́ náà. Nítorí ọbẹ̀ ni àwọn tí ojú wọn dá wọn lójú kì í fi í fẹ́ súfèé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ìkùukùu bo odò, Ọnàdípẹ̀ lọ gé igi létí odò. Ó fi awọ àgbọ̀nrín bo èjìká nítorí òtútù. Ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ láti gé e. Ọdẹ́jìnmí ń bọ̀ lókè, ó rí awọ. Kò súfèé. Ìbọn dún.

N kò ní sọ bí ó ṣe gbé e délé. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà, ohun tí ojú mi rí, ẹnu mi kò ní sọ ọ́. Ohun tí mo lè sọ ni pé ìyá wọn jáde, ó wo èyí tí ó kú, ó wo èyí tí ó yè, ó sì wọlé. Láti ọjọ́ náà kò bá Ọdẹ́jìnmí sọ̀rọ̀ mọ́. Á se oúnjẹ rẹ̀, á gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á padà. Àjàdí ni oríkì tí ó máa ń pè é láti kékeré, kò pè é mọ́. Ọdẹ́jìnmí yóò jókòó ti abọ́ náà títí oúnjẹ yóò fi tutù.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ ìdájọ́ ọ̀gán, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Láyé ìgbà náà, bí ọdẹ Àgọ́-Ayín bá ṣèèṣì pa ènìyàn, wọn kì í pa á. Wọ́n á gba ìbọn rẹ̀, wọ́n á gbẹ́ ihò sí ìdí ọ̀gán ńlá, ilé ikán, tí ó wà lẹ́yìn ìlú, wọ́n á sì rì í mọ́bẹ̀ fún oṣù mẹ́ta. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá hú u, bí ikán bá ti jẹ igi rẹ̀ tí ó ku irin, a mọ̀ pé Ilẹ̀ Ògẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí ti gba ẹ̀bẹ̀, ó ti gbé ọ̀ràn náà mì. Ṣùgbọ́n bí igi náà bá wà gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe rì í, Ilẹ̀ kọ̀ ọ́ nìyẹn. Yóò fi ìlú sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kò sì gbọdọ̀ padà láéláé. Bí ìyá rẹ̀ bá kú, ẹlòmíràn ni yóò sin ín.

Wọ́n ri ìbọn Ọdẹ́jìnmí mọ́ ọ̀gán.

Nígbà tí ó ku ọjọ́ méje kí oṣù mẹ́ta pé, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó lọ sí ìdí ọ̀gán ní ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn ti lé gbogbo ènìyàn wọlé. Ó fi ìka wú ilẹ̀ díẹ̀ títí ó fi kan ìdí ìbọn náà. Igi náà ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Ehín ikán kan ṣoṣo kò wọ̀ ọ́.

Ó kúnlẹ̀. Ó gbé iwájú orí lé ara ọ̀gán, ó ní, "Ẹ̀yin ikán, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má jẹ́ kí n fi màmá mi sílẹ̀ láìtíì gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ jẹ ẹ́. Ẹ jẹ ẹ́ fún mi." Ó bú sẹ́kún. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran, ṣùgbọ́n ẹkún ti Ọdẹ́jìnmí pọ̀ ju èyí tí wọ́n pa òwe náà lé lórí. Omijé rẹ̀ rin ara ọ̀gán, amọ̀ náà rọ̀, ó sì lẹ̀ mọ́ ojú rẹ̀ méjèèjì. Kí ó tó gbé ọwọ́ láti nù ún, ilẹ̀ ti gbà á wọlé.

Ó já bọ́ sí ibi kan tí ó gbóná díẹ̀ tí ó sì tutù díẹ̀, bí inú ìkòkò omi tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó kan ẹyọ iyanrìn kan tí ó tóbi tó àpáta. Nígbà náà ni ó mọ̀ pé òun ti kéré bí èèrà.

Ohùn kan sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ohùn pẹ̀lẹ́ tí kò yára. "Ta ni ó ń fi omi iyọ̀ rin ilé wa?"

Ohun kan tí ó tutù, tí ó sì tẹ́ẹ́rẹ́, kan iwájú orí rẹ̀, ó kan imú rẹ̀, ó kan ètè rẹ̀. Ahọ́n ni. Ọdẹ́jìnmí na ọwọ́ padà, ó kan ara tí ó dán tí ó sì ki bí òpó ààfin. Ó fi ọwọ́ wá orí rẹ̀, ó wá ojú níbẹ̀, kò bá nǹkan kan. Awọ ti bo ibi tí ojú yẹ kó wà. Ó mọ ohun tí ó dì mú. Ejò kékeré dúdú ni, èyí tí ó máa ń jáde lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, tí àwọn ọmọ ń ṣì pè ní ekòló, tí àwọn àgbà sì ń da omi gbígbóná lé lórí.

Ó pariwo, "Ejò olórí méjì!"

Ejò náà kò bínú. Ó ní, "Arọrarìn ni orúkọ mi. Orí kan ni mo ní. Ìrù mi ni ẹ ń pè ní orí kejì, ẹ̀gún kékeré tó wà nídìí rẹ̀ ni mo fi ń tẹ ilẹ̀ kí n tó lè sún síwájú. Ẹ ò fọwọ́ kàn án rí lókè lọ́hùn-ún. Ẹ kàn rí i ni."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ọdẹ́jìnmí lára. Ó wólẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Mo fẹ́ dé ọ̀dọ̀ Ìyá Ikán tó ni ilé yìí kí n lọ bẹ̀ ẹ́."

"N óò mú ọ lọ. Amọ̀ ojú rẹ ńkọ́, ṣé wàá ṣí i?"

"Bẹ́ ẹ bá ní kí n ṣí i, màá ṣí i."

"Má ṣí i. Ẹni tó bá lajú níhìn-ín, òkùnkùn ni yóò rí, yóò sì máa pe òkùnkùn ní nǹkan. Ṣùgbọ́n dá mi lóhùn ná. Kí ni ó ń rí ìpàkọ́ gbogbo ayé tí kò rí tirẹ̀?"

"Ojú ni."

"Ta ló ń bá a rí tirẹ̀?"

"Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí," ni Ọdẹ́jìnmí wí, "ẹni ẹlẹ́ni ní ń báni rí tẹni."

"Lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn, ta lo ní kó bá ọ rí i?"

Ọdẹ́jìnmí fi ọwọ́ bo amọ̀ ojú rẹ̀. Ejò afọ́jú náà yíra padà, ó ní kí ó di ìrù òun mú kí àwọn máa lọ.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ìlú tí àwọn ejò náà ń gbé fún yín. Kò sí fìtílà níbẹ̀, kò sì sí ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá pàdé, wọ́n á fi ahọ́n kan ara wọn, wọ́n á sì dúró títí wọn yóò fi mọ ẹni tí ó jẹ́ dájú, kí wọ́n tó kí i. Ọdẹ́jìnmí gbọ́ bí òjò tí kò tíì rọ̀ ṣe ń kóra jọ nínú ara wọn, nítorí pé ikùn ni wọ́n fi ń gbọ́ ọ. Inú ilé ikán ni wọ́n ń gbé, ọmọ ikán ni wọ́n sì ń jẹ. Nígbà tí Ọdẹ́jìnmí bi Arọrarìn bí ó ṣe ń jẹ ọmọ onílé tí onílé kò fi lé e jáde, ó dá a lóhùn pé, "N kò sọ fún un rí pé n kò jẹ ẹ́."

Wọ́n rìn títí wọ́n fi dé ibi tí ilẹ̀ ti ń gbọ̀n. Odò ni Ọdẹ́jìnmí pè é ní àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n odò kì í ní ehín. Àwọn ìjàlọ ni wọ́n ń kọjá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lórí ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n sì dí gbogbo ọ̀nà. Arọrarìn ká mọ́ ọn lára, ó fi omi kan tí ń yọ̀ láti ara rẹ̀ pa á láti orí dé ẹsẹ̀. Ẹ má bi mí léèrè bí ó ṣe ń rùn. Èmi tí mo bó ẹtà tó ti kú fún ọjọ́ mẹ́ta, tí mo sì jẹun lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí Ọdẹ́jìnmí sọ òórùn náà fún mi, n kò jẹun lálẹ́.

Arọrarìn ní, "Dùbúlẹ̀. Má họ ara. Má kígbe."

Ó dùbúlẹ̀, ìjàlọ sì gun orí rẹ̀. Wọ́n wọ inú etí rẹ̀, wọ́n wọ abẹ́ apá rẹ̀. Ó ń retí ìbùjẹ, kò rí i. Ohun tí ó ń kàn án ni ìwo kékeré tí ó wà lórí wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi ìwo náà kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó dúró. Ó kàn án lẹ́ẹ̀kejì, ó dúró. Ó kàn án lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbóòórùn ejò lára rẹ̀, ó sì kọjá lọ.

Nígbà tí èyí tí ó kẹ́yìn lọ tán, Ọdẹ́jìnmí kò dìde. Arọrarìn ní, "Ṣé wọ́n bù ọ́ jẹ ni?"

"Wọn ò bù mí jẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n béèrè. Ìjàlọ tí kò lójú, tí kò mọ̀ ju kó pa lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ló béèrè ẹni tí mo jẹ́." Ó fi ọwọ́ lu àyà. "Èmi ò béèrè lẹ́ẹ̀kan."

Ejò náà kò tù ú nínú. Ó kàn na ìrù sí i.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wọ ìlú kan tí ariwo ti pọ̀. "Mo rí ọ! Mo rí ọ!" ni gbogbo ará ibẹ̀ ń kígbe, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń forí gbára wọn. Ọdẹ́jìnmí gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣubú tí wọ́n ń dìde. Ohun tí ó tutù ń kàn án lápá lọ́tùn-ún lósì, ó sì mọ̀ pé ìpéńpéjú ni, nítorí pé irun wẹ́wẹ́ wà létí rẹ̀, omijé sì wà nínú rẹ̀. Arọrarìn sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé àwọn iwin Mo-Rí-I nìyẹn, àwọn tí wọ́n wà láyé rí, tí wọ́n sọ pé àwọn rí ohun tí wọn kò rí, tí ẹlòmíràn sì kú nítorí rẹ̀. Ojú bò wọ́n láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kò sì sí ohun tí wọ́n lè fi wò, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ kì í dé ibẹ̀.

Olórí wọn sún mọ́ ọn, ó ní, "Ojú Àṣá, káàbọ̀ o! A ti gbá àyè rẹ mọ́ dè ọ́. Ṣáà sọ ohun tó o rí lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn fún wa, kó o wá jókòó."

Àgbọ̀nrín ti wà lẹ́nu rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni ó ti ń sọ ọ́ fún Olúọdẹ tí í ṣe olórí àwa ọdẹ, fún ará àdúgbò, fún ògiri yàrá rẹ̀, pé òun rí àgbọ̀nrín. Ó ti sọ ọ́ títí òun fúnra rẹ̀ fi ń rí ìwo àgbọ̀nrín náà lójú àlá. Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ náà dúró sórí ahọ́n rẹ̀. Ẹyin lohùn. Ó gbé e mì.

Ó ní, "N kò rí nǹkan kan. Awọ ni mo rí. Èmi ni mo fi ẹran sínú awọ náà."

Ariwo ìlú náà dáwọ́ dúró. Gbogbo ojú wọ̀nyẹn pa dé lẹ́ẹ̀kan náà, atẹ́gùn wọn sì fẹ́ sí i lára. Kò sí ẹni tí ó dí i lọ́nà mọ́. Bí ó ṣe ń kọjá lọ, ó gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Èmi náà ò rí i. Èmi náà ò rí i o." Ó wọ̀ ọ́ lọ́kàn púpọ̀, ṣùgbọ́n kò dúró.

Báyìí ni wọ́n dé ààfin Ìyá Ikán. Ọdẹ́jìnmí mọ̀ ọ́n nítorí pé gbogbo ilé náà ń mí pẹ̀lú rẹ̀. Ó tóbi ju abà àgbàdo lọ, kò lè dìde, kò lè yíra padà, ẹgbẹ̀rún ọmọ sì ń nu ara rẹ̀ láìsinmi.

Ó ní, "Ọdẹ, wọ́n ní o wá bẹ̀ mí kí n jẹ igi rẹ."

Ọdẹ́jìnmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá. Bẹ́ ò bá jẹ ẹ́, wọn á lé mi kúrò nílùú. Màmá mi ò ní ọmọ mìíràn."

"Na ọwọ́ rẹ sí òsì. Fọwọ́ kàn án."

Ó na ọwọ́. Ìdí ìbọn rẹ̀ ni, ó nà gbalaja la gbàngàn ààfin kọjá bí igi tí ìjì wó. Ó fi ọwọ́ pa á fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e fún un. Ó kan ojú ibi tí wọ́n ti fi ehín ha á, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sì sí èyí tí ó wọlé.

Ìyá Ikán ní, "Àwọn ọmọ mi ti kán ehín sí i. A ò kọ̀ ọ́ o, ọdẹ. Igi ni kò jẹ́ ká jẹ òun. Ọkàn igi apá ni, èyí tó ti gbó tó sì korò. Ẹni tó gbẹ́ ẹ mọ̀ wá dáadáa. Ó ha gbogbo ibi funfun rẹ̀ dànù, kò ṣẹ́ oókan kù fún wa. Ó mọ̀ pé o máa ń fi ìbọn ti ògiri tí wàá sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ó fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ rẹ."

Ọdẹ́jìnmí tún na ọwọ́ sí i. Ó ń fi ọwọ́ rìn lórí igi náà lọ, títí ó fi dé ojú ihò gbọọrọ tí irin ìbọn máa ń jókòó sí, níbi tí ojú kò lè dé láé bí wọ́n bá ti to ìbọn tán. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ irin náà, ìka rẹ̀ sì wọ inú ilà kan. Ó kà á: ilà mẹ́ta, tí ó gùn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilà mẹ́ta mìíràn, tí ó kúrú díẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kejì kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Pélé ìdílé wọn ni. Ọnàdípẹ̀ ti gbẹ́ ojú àwọn méjèèjì sínú igi náà, ti ẹ̀gbọ́n àti ti àbúrò, wọ́n sì sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ ilà kan fi kan ẹsẹ̀ ìkejì. Ó ti gbé e kọ́ èjìká fún ọdún márùn-ún, kò mọ̀.

"Dípẹ̀," ni ó wí. "Dípẹ̀ o, àbúrò mi."

Ìyá Ikán jẹ́ kí ó sunkún tẹ́rùn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọ̀nà kan wà. A ní igi púpọ̀ níhìn-ín tá a ti jẹ kù. Fi èyí sílẹ̀ fún mi kí n fi ṣe òpó ilé, mo ti dàgbà, ilé mi sì ń fẹ́ òpó tí ọmọ mi kankan ò ní lè jẹ. A óò fi igi jíjẹ sí ààyè rẹ̀. Bí wọ́n bá hú u, ìyẹ̀fun ni wọn yóò rí. Wọn yóò ní Ilẹ̀ ti gbà ọ́. Wàá máa gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ."

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí, ẹ má ṣe fi ẹnu wéréwéré sọ ohun tí ẹ̀yin ìbá ṣe. Èmi tí ẹfọ̀n kúnlẹ̀ fún, n kò mọ ohun tí ǹ bá ṣe. Gbogbo ohun tí ó wá ni wọ́n gbé fún un yìí, ìlú rẹ̀, ilé rẹ̀, ìyá rẹ̀.

Ọdẹ́jìnmí gbé ọwọ́ lé igi náà, ó ní, "Ìyá, ẹ ṣé. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ti fi ojú mi parọ́, àbúrò mi kú sí i. Ẹ má jẹ́ kí n tún fi ojú àwọn ará ìlú parọ́ lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n hú u bó ṣe wà. Bí wọ́n bá lé mi, kí wọ́n lé mi."

Ìyá Ikán mí kanlẹ̀, gbogbo ààfin sì mí pẹ̀lú rẹ̀. Ó ní, "Mú un padà, Arọrarìn. Òjò ń bọ̀."

Ọjọ́ méje tí ó ku ni ìrìn-àjò náà gbà, bí ó tilẹ̀ dà bí ìdajì ọjọ́ lójú rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdájọ́, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, a bá Ọdẹ́jìnmí lẹ́yìn ọ̀gán, amọ̀ bò ó lójú, ó sì ń rùn. A fi omi fọ amọ̀ náà kúrò lójú rẹ̀, àwa kan sì rò pé orí rẹ̀ ti dà rú. Olúọdẹ wà níbẹ̀, àgbàlagbà tí kì í ṣe ìkà ṣùgbọ́n tí kì í tẹ òfin lójú. Abọ́sẹ̀dé náà wà níbẹ̀, nítorí òfin ní kí ìyá òkú wà níbẹ̀. Èmi tí mo ń pìtàn yìí ni mo di ọkọ́ mú.

Mo wú ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ejò kékeré dúdú kan sì yọ jáde lábẹ́ ọkọ́ mi, ó ń dán nínú omi òjò. Mo fa àdá yọ ní ìbàdí, mo gbé e sókè. Kí n tó sọ ọ́ kalẹ̀, Ọdẹ́jìnmí ti na ọwọ́ bò ó. Díẹ̀ ni ó kù kí n gé ọwọ́ ọkùnrin náà. Ejò náà fi ahọ́n kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì wọlẹ̀ lọ. N kò pa irú rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà, ojú ṣì ń tì mí fún àwọn tí mo ti pa.

Mo hú ìbọn náà. Igi rẹ̀ ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n rì í. Àwọn ènìyàn mí kanlẹ̀.

Olúọdẹ ní, "Ọdẹ́jìnmí, o ti rí i fúnra rẹ. Ilẹ̀ kọ̀ ọ́."

Ọdẹ́jìnmí ní, "Bàbá, ọkàn igi apá ni. Ikán kì í jẹ ẹ́. Àbúrò mi ló gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ nítorí mi."

"Ẹni tá à ń dá lẹ́jọ́ kì í jẹ́rìí ara rẹ̀. Àwa ọdẹ ò mọ igi tí wọ́n ti fá tí wọ́n sì fi epo pa. Agbẹ́gi kan ṣoṣo la ní nílùú yìí, o sì ti pa á. Ta ni yóò bá wa mọ̀ ọ́n?"

Ọdẹ́jìnmí tẹrí ba, ó sì ń wá igi tí yóò fi ṣe ọ̀pá ìrìn lọ.

Nígbà náà ni Abọ́sẹ̀dé jáde láàárín àwọn obìnrin. Ó jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ní kí n gbé igi náà lé òun lẹ́sẹ̀. Ó dijú. Ó fi imú kàn án, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ẹni tí ń wẹ ọmọ. Ó ní, "Igi apá ẹ̀yìnkùlé bàbá mi ni. Èmi ni mo fún un láṣẹ kó gé e. Mo bi í pé kí ló fẹ́ fi irú igi líle bẹ́ẹ̀ ṣe, ó kàn rẹ́rìn-ín."

Ó yọ irin náà kúrò, ìka rẹ̀ sì wọ inú ihò gbọọrọ náà. Ó dúró síbẹ̀. A rí i tí ètè rẹ̀ ń ka nǹkan. Ó kà á dé mẹ́fà, ó tún kà á. Lẹ́yìn náà ó gbé igi náà mọ́ àyà, ó sun ẹkún tí kò tíì sun láti oṣù mẹ́ta, gbogbo wa sì kọ ojú sí igbó.

Olúọdẹ dúró títí ẹkún náà fi rọlẹ̀. Ó ní, "Ìyá, Ilẹ̀ ò kọ̀ ọ́, Ilẹ̀ ò sì tíì gbà á. Ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá agbára ikán. Ẹ̀yin lẹ óò dá a."

Abọ́sẹ̀dé nu ojú. Ó ní, "N kò gbàgbé. N kò sì ní gbàgbé, ẹ má ṣe bẹ̀ mí sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ méjì ni mo ní, ṣé igi nìkan lẹ fẹ́ kí n gbé relé?" Ó yí ojú sí ibi tí Ọdẹ́jìnmí kúnlẹ̀ sí. "Àjàdí, dìde. Gbé igi àbúrò rẹ, jẹ́ ká lọ sílé. Oúnjẹ rẹ ti ń tutù."

Ọdẹ́jìnmí kò yìnbọn mọ́ títí ó fi kú. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, ẹ ó rí i lójú ọ̀nà oko, tí ó ń fi ewé gbé àwọn ejò afọ́jú kúrò níbi tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀ wọ́n, tí àwọn ọmọ sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Òun ni ó sin ìyá rẹ̀. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí òun náà lọ, ó ránṣẹ́ pè mí, ó ní nítorí pé èmi ni mo hú igi náà, èmi ni kí n máa tọ́jú rẹ̀.

Òun ni mo gbé lé ẹsẹ̀ láti àárọ̀ yìí, tí ẹ rò pé ọ̀pá ìtìlẹ̀ ni. Mo fẹ́ kí ó lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ìwọ tí o ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ gbà á. Dijú ná. Fi ìka wá inú ihò gbọọrọ yẹn. Rọra. Bí o bá ti kà á dé mẹ́fà, kí o gbé e fún ẹni tí ó jókòó tì ọ́.